Ọwọ́ Tó Gbẹ́rù Rù Mí Ni Mo Jẹ́ Kí Wọ́n Ṣẹ́

Ẹ̀yin tí ẹ ń ka ojú ewé yìí, mo kí yín o. Ìyá àgbà ni mí. Ìwé tí mo mọ̀ kò ju èyí tí wọ́n kọ́ wa ní ṣọ́ọ̀ṣì lẹ́yìn tí mo ti bímọ tán, nítorí náà ẹ jọ̀ọ́, ẹ má wo bí mo ṣe ń to ọ̀rọ̀. Nǹkan kan wà nínú mi láti ìgbà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ń ri òpó fóònù kiri ilẹ̀ Èkìtì. N kò sọ ọ́ fún pásítọ̀, n kò sọ ọ́ fún ọmọ. Mo ń sọ ọ́ wàyí nítorí pé ọkùnrin tí mo ṣẹ̀ wà lórí ẹní àìsàn, ó sì ń bẹ̀ mí. Òun ló ń bẹ̀ mí o, kì í ṣe èmi ni mò ń bẹ̀ ẹ́.

Ìlú wa kò tóbi. Àárín Ìṣẹ́ àti Emùré ló wà, kòkó àti iṣu là ń gbìn. Ìpínlẹ̀ Èkìtì ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rìn tẹ́tẹ́ nígbà náà. Ìbejì ni mo bí gbẹ̀yìn. Kẹ́hìndé wà nílé lọ́dọ̀ mi. Táyé ń wa ọkọ̀ ẹrù lọ sí òkè Ọya, a sì máa ń gbọ́ pé ìjà ń ṣẹlẹ̀ lọ́hùn-ún. Kí n tó gbọ́ ohùn rẹ̀, àfi kí n gun ọ̀kadà lọ sí Adó, nígbà mìíràn n kò tún ní bá a. Nítorí náà, nígbà tí ilé iṣẹ́ kan wá ní àwọn fẹ́ ri òpó sí ìlú wa, mo jó.

Bàbá Fọlá kò fẹ́. Àgbẹ̀ oníkòkó ni, aládùúgbò mi, ẹni tí kì í fi ọ̀rọ̀ sínú. Oko rẹ̀ ló kángun sí ilẹ̀ tí ìlú yọ fún wọn. Ó ní ooru òpó náà yóò máa gbọn òdòdó kòkó òun dànù, àti pé bí ìjì bá gbé e ṣubú, orí ta ni yóò wó lé?

Ní ìpàdé, Kúnlé, olórí àwọn ọ̀dọ́, dá a lóhùn pé, "Ẹ̀yin kọ́ lẹ máa ń pe ewúrẹ́ yín láti ẹ̀yìnkùlé tí àwọn ará Ìṣẹ́ ń jẹ́ 'hòo'? Kí lẹ fẹ́ fi fóònù ṣe?"

Gbogbo wa rẹ́rìn-ín. Bàbá Fọlá náà rẹ́rìn-ín, ó ní, "Ìwọ tí o fẹ́ fóònù, àwọn tí o jẹ lówó ni yóò kọ́kọ́ pè ọ́." Ṣùgbọ́n nígbà tó dìde, ó na ìka, ó ní, "Òpó yẹn kò ní dúró níbẹ̀ lójú mi." Ọ̀rọ̀ yẹn ló fi ta ara rẹ̀. Mo wà níbẹ̀, mo gbọ́ ọ.

Àwọn òṣìṣẹ́ dé, wọ́n ro ilẹ̀ náà. Igi ìdáná mi wà ní ẹ̀bá ibẹ̀, èyí tí mo kó jọ fún gaàrí díndín. Ní àárọ̀ ọjọ́ kan, mo lọ gbé díẹ̀ níbẹ̀, mo sì rí i pé wọ́n ti ń fa igi mi dáná. Inú bí mi. Mo di èyí tí mo fẹ́ gbé, ṣùgbọ́n kò ṣeé dá gbé. Bàbá Fọlá ń kọjá lọ sí oko. Ó ní, "Ìyá Ìbejì, ìwọ yìí, o ó ha fi igi pa ara rẹ?" Ó gbé àdá rẹ̀ sílẹ̀, ó fi ọwọ́ méjèèjì gbé ẹrù náà rù mí, ó sì bá tirẹ̀ lọ.

Nígbà tí oòrùn gòkè, mo padà lọ. Àwọn òṣìṣẹ́ ti lọ jẹun. Mo mú àkísà pupa, ìkarahun ìgbín àti àjákù ìgbálẹ̀ dání, mo fẹ́ so ààlè sí igi mi kí wọ́n lè mọ̀ pé ó ní ẹni tó ni ín. Ẹ̀yin náà mọ̀ pé ààlè gbọ́dọ̀ ga ju ẹrù lọ kí olè lè rí i. Mo wò yíká. Mo rí ọ̀pá kan tí wọ́n rì mọ́lẹ̀ ní ìtòsí, tí wọ́n fi ọ̀dà kùn lórí. Mo so ó mọ́ ọn, mo lọ sílé. Ẹ jọ̀ọ́, títí dé ibẹ̀, n kò ní èrò ibi kankan. N kò mọ̀ pé ọ̀pá yẹn ni wọ́n fi sàmì sí ibi tí ẹsẹ̀ òpó yóò dúró.

Àwọn òṣìṣẹ́ padà dé, wọ́n rí ààlè lórí ọ̀pá wọn. Àlejò ni wọ́n. Ọ̀gá wọn ní àwọn kò wá kú sí ìlú onílùú. Wọ́n kó ẹrù sínú ọkọ̀, wọ́n lọ.

Ìrọ̀lẹ́ ni wọ́n lu agogo ìlú. Kúnlé gbé ààlè náà sókè ní ìta ọba, ó ní, "Ta ló ṣe èyí?" Gbogbo ojú yí sí Bàbá Fọlá. Ó ní kì í ṣe òun. Ni ẹnì kan bá ní, "Ìyá Ìbejì, igi yín ló wà níbẹ̀. Ta lẹ rí?"

Mo mọ̀ pé èmi ni. Mo ti fẹ́ sọ ọ́. Ṣùgbọ́n ojú àwọn ọ̀dọ́ ti pọ́n, igi wà lọ́wọ́ wọn, mo sì rò ó pé, bí wọ́n bá mọ̀ pé èmi ni mo lé òpó lọ, n kò ní rí ibi sá sí. Mo ní, "Bàbá Fọlá ni mo rí láàárọ̀."

Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Kì í ṣe irọ́, mo rí i. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin náà mọ ohun tí mo ṣe.

Wọ́n fà á lulẹ̀. Wọ́n fi kùmọ̀ lù ú, wọ́n fi ẹ̀gbẹ́ àdá na ẹ̀yìn rẹ̀ títí aṣọ fi wọ inú ẹran. Òkúta kan bà á lójú, ẹ̀jẹ̀ ṣàn bo ẹnu rẹ̀. Ìyàwó rẹ̀ dùbúlẹ̀ lé e, wọ́n fi irun fa obìnrin náà kúrò. Àwọn kan sáré lọ da pẹtiróòlù sí abà rẹ̀, gbogbo kòkó ọdún yẹn ló jóná. Títí di òní, n kì í lè dúró níbi tí kòkó bá ti ń jó.

Ó rí mi láàárín èrò. Ó kígbe, "Ìyá Ìbejì! Ọwọ́ yìí ló gbẹ́rù rù ọ́! Sọ fún wọn pé àdá nìkan ló wà lọ́wọ́ mi!" Ó na ọwọ́ náà sí mi. Mo wo ilẹ̀. Kẹ́hìndé, ọmọ tí mo bí, ló gbé ìtì igi, tó sọ ọ́ kalẹ̀ lórí apá yẹn. Mo gbọ́ bó ṣe ṣẹ́. Mo ń gbọ́ ọ títí di ìsinsìnyí.

Ọsibítù ní Adó kò lè gba ojú náà là. Apá jinná, ṣùgbọ́n ó wọ́, kò lè gbé àdá mọ́. Ìyàwó rẹ̀ gbé e lọ sí ọ̀dọ̀ àwọn ẹbí obìnrin náà ní Ìṣẹ́. Àwọn àgbà ìlú lọ bẹ àwọn òṣìṣẹ́, wọ́n padà wá, òpó dúró. Nígbà tí Táyé pè mí nígbà àkọ́kọ́, ó ní, "Màámi, ṣé àlàáfíà lẹ wà?" Mo bú sẹ́kún. Àwọn tó wà níbẹ̀ rò pé ayọ̀ ni.

Láìpẹ́ yìí, Ìyá Fọlá, ìyàwó rẹ̀, wá bá mi. Ó gbé epo pupa wá fún mi, bó ṣe máa ń ṣe. Kò bínú sí mi rí. Ó ní ọkọ òun kò ní pẹ́ lọ, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló sì kù lẹ́nu rẹ̀: "Ulé, ulé ni mo fẹ́ sùn." Ó fẹ́ kí wọ́n sin òun sí ilé, ní ẹ̀gbẹ́ bàbá òun. Ṣùgbọ́n àwọn àgbà agbo ilé rẹ̀ ní ẹni tó so ààlè mọ́ iṣẹ́ ìlú kò lè wọlé wá, ààyè tàbí òkú, àfi bó bá jẹ́wọ́. Ó kọ̀. Ó ní òun kò ní jẹ́wọ́ ohun tí òun kò ṣe.

Ni Ìyá Fọlá bá kúnlẹ̀ fún mi. Ó ní, "Ó ní kí n bẹ̀ yín. Ó ní òun mọ̀ pé ẹ rí òun lóòótọ́, òun kò bá yín jà. Kí ẹ kàn bá òun sọ fún wọn pé àdá nìkan lẹ rí lọ́wọ́ òun." Mo gbé e dìde. Mo ní kó fún mi ní àkókò díẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, àkókò wo ni mo tún ń wá?

Kẹ́hìndé ti di díákónì. Ó gbà pé ẹni tó jẹ̀bi ni òun lù, ìyẹn ló ń jẹ́ kó lè sùn. Bí mo bá la ẹnu mi, mo mọ ojú tí yóò máa fi wo apá tirẹ̀.

Mo ti pinnu pé n ó sọ ọ́. Kò yẹ kí àgbà kan kú sí àjò nítorí àkísà mi. Ọjọ́ ọjà tó ń bọ̀ ni Ìyá Fọlá yóò padà wá gbọ́ èsì. Ibi tó ti rú mi lójú nìkan ni mo fẹ́ kí ẹ bá mi là. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin òbí, ta ni kí n kọ́kọ́ kúnlẹ̀ fún: ẹni tí wọ́n ṣẹ́ lápá, àbí ọmọ mi tó ṣẹ́ ẹ?