Ẹ̀kíní Ni Wọ́n Yàn

Ẹ̀yin ọmọ mi, mo gbọ́ pé ẹ ti ra ọ̀dà tí ẹ fẹ́ fi kọ orúkọ bàbá yín sára Erinlákátabú, kí ẹ tó gbé e fún ìjọ ní Kúdẹtì. Ẹ dáwọ́ dúró ná. Ọ̀rọ̀ kan wà lọ́fun mi tí n kò lè gbé lọ sí sàréè. Bí mo bá kú láìsọ ọ́, ohun tó pa bàbá yín gan-an ni ẹ ó fi ṣe ìrántí wọn.

Ẹ mọ Erinlákátabú. Ámúpilifáyà, ẹ̀rọ agbóhùnsókè, tí bàbá mi fọwọ́ ara wọn tò ni, irin inú rẹ̀ wúwo débi pé ọkùnrin méjì á máa mí hẹlẹhẹlẹ kí wọ́n tó gbé e kúrò nílẹ̀. Òun nìkan ni ogún tí bàbá mi fi sílẹ̀ fún mi. Bí a bá ti tàn án, tí ohùn jíjinlẹ̀ yẹn bá jáde, ṣe ló máa ń dà bíi pé bàbá mi ń húkọ́ ní yàrá kejì. Òun ni èmi àti bàbá yín fi ń ṣòwò ní Bẹ́yẹrúnkà, tí a fi ń yá àwọn ìjọ. Àwọn oníbàárà kì í béèrè bó ṣe ń dún. Wọn á kàn gbé e díẹ̀, wọn á ní, "Èyí wúwo. Èyí á dún."

Lẹ́yìn tí wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ fún bàbá yín ní ikùn, dókítà ní wọn kò gbọdọ̀ gbé ohun tó wúwo mọ́. Ni àbúrò wọn bá fi ẹ̀rọ tuntun ránṣẹ́ láti òkè òkun, irú tí wọ́n ń pè ní kíláàsì Dì. Ọwọ́ kan ni mo fi ń gbé e. Gàfárù tó ń tún bàtà ṣe lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. "Hezekiah, páálí bísíkíìtì lo fẹ́ fi gbóhùn sókè? Ṣí i wò, bóyá ó ṣì ku díẹ̀ nínú rẹ̀."

Bàbá yín ní, "Gàfárù, Erinlákátabú dà bí ẹni tó ṣí ẹ̀rọ omi sílẹ̀ láti àárọ̀, tó wá ń fi ife kan bu omi. Iná tó ń fi ṣòfò ló ń gbóná yẹn. Èyí ń ṣí, ó ń tì, kíákíá ju bí ojú ṣe ń ṣẹ́ lọ. Kí ló fẹ́ fi irin ṣe?"

Gàfárù ní, "Ó dáa, sọ fún un kó fi rédíò mi sílẹ̀. Bó bá ti ń ṣiṣẹ́, rédíò mi á máa hó bí epo gbígbóná." Mo rò pé àwàdà ni.

Ṣùgbọ́n Ọ̀gbẹ́ni Ọládiípọ̀, ọ̀gá akọrin ìjọ kan tó fẹ́ yá ẹ̀rọ lọ́wọ́ wa fún àjọ̀dún wọn, kọ èyí tó fúyẹ́ jálẹ̀. "Ẹ má fi àjọ̀dún wa ṣeré o. Ohun tó fúyẹ́, ohùn rẹ̀ á fúyẹ́ ni." Bàbá yín ní kí wọ́n wá fi etí dá a, kí wọ́n fi ojú sílẹ̀. A fi aṣọ dá ṣọ́ọ̀bù sí méjì, ẹ̀rọ méjèèjì wà lẹ́yìn aṣọ, kí ẹnikẹ́ni má mọ èyí tó ń dún. Bàbá yín ní, "Bertha ni kó máa tàn wọ́n. Kò purọ́ fún mi rí." Bàbá yín fúnra wọn lọ jókòó sẹ́nu ọ̀nà. Ọládiípọ̀ àti Gàfárù jókòó níwájú aṣọ.

Èyí tó fúyẹ́ ni mo kọ́kọ́ tàn, kí n tó tan Erinlákátabú. Ọládiípọ̀ ní, "Ìkejì jinlẹ̀ díẹ̀, n kò jiyàn. Ṣùgbọ́n ẹ̀kíní ni mo ti gbọ́ ọ̀rọ̀ orin náà yékéyéké. Ẹ̀kíní ni tèmi." Gàfárù pariwo pé, "Ẹ̀kíní! Erin ló fọhùn yẹn, mo mọ̀ ọ́n!"

Mo gbé ọwọ́ lé orí ẹ̀rọ bàbá mi. Ó lọ́ wọ́ọ́rọ́ bí ara ènìyàn. Mo rí i lọ́kàn mi bí wọ́n ṣe máa sọ ọ́ sí igun, tí èkúté á máa bímọ sínú rẹ̀. Ẹnu tí mo fi ń gba Oúnjẹ Alẹ́ Olúwa, òun náà ni mo fi sọ pé, "Erinlákátabú ni ẹ̀kíní."

Ọládiípọ̀ pàtẹ́wọ́. Bàbá yín wo aṣọ náà títí, wọ́n wá ní, "Ó dáa. Bí Bertha bá ti wí bẹ́ẹ̀."

Láti ọjọ́ náà ni bàbá yín ti padà sídìí gbígbé Erinlákátabú. Bí mo bá ní, "Bàbá Ọlábọ̀wálé, ẹ ń di ikùn mú," wọ́n á ní kò sí nǹkan, wọ́n á wá máa wò mí bí ẹni tó ń retí èsì. Mo rí ojú yẹn. Èmi ọ̀dàlẹ̀, mo máa ń yí ojú mi sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

Ọjọ́ àjọ̀dún, òjò ti rọ̀ sí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ ìsàlẹ̀ Màpó. Ẹsẹ̀ ẹni tí wọ́n jọ gbé e yọ̀, gbogbo irin náà sì wó lé bàbá yín níkùn. Ní ilé ìwòsàn, wọ́n ní kí n sún mọ́ wọn.

"Bertha, ẹnu ọ̀nà ni mo jókòó sí lọ́jọ́ yẹn. Nígbà tí o tan ẹ̀kíní, rédíò Gàfárù tó ń dún níta hó. Nígbà ìkejì, kò hó."

Mo ní, "Ẹ mọ̀? Kí ló dé tí ẹ fi ń gbé e?"

"Mo ti sọ lójú wọn pé o kò purọ́ fún mi rí. Mo ń retí kí o wá sọ ọ́ fúnra rẹ."

Wọ́n yíjú sí ògiri. Wọn kò pe orúkọ mi mọ́ títí wọ́n fi lọ.

Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹni tó bá fẹ́ràn òkú, kó má ṣe di òkú náà lé alààyè lórí. Ẹ má gbé Erinlákátabú fún ìjọ. Èyí tó fúyẹ́ wà lábẹ́ ibùsùn mi, mo fi aṣọ ìgbéyàwó mi wé e. Òun ni kí ẹ kọ orúkọ bàbá yín sí. Kí ẹ tó gbé e lọ, ẹ tàn án, ẹ gbé rédíò sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Híhó tí ẹ bá gbọ́ yẹn ni ọ̀rọ̀ tí mo jẹ bàbá yín. Ẹ jẹ́ kó hó tẹ́rùn, lẹ́yìn náà, bí ọkàn yín bá gbà á, ẹ dárí jì mí.