Ohun tí mo sọ ní Faransé nípa Bàbá Sìdíkù

Bàlíkìsì àbúrò mi, jókòó. Ẹ̀yin ọmọ ilé, ẹ súnmọ́ mi. Àìsàn yìí ò ní í jẹ́ kí n rí òjò tó ń bọ̀, mi ò sì fẹ́ gbé ọ̀rọ̀ yìí wọlẹ̀. Ikú Bàbá Sìdíkù kì í ṣe bí mo ti sọ fún yín.

Nígbà tí ilé-iṣẹ́ òyìnbó dé abúlé wa, Okpomèta, láti gbin igi tẹ́ẹ̀kì, ìjọba ti fún wọn níwèé àṣẹ. Ògbufọ̀ wọn ni mí. Ọ̀gá wọn, Madame Clémence, bi mí ohun tí òun lè ṣe tí àwọn àgbà ò fi ní í kọ̀. Èmi aláìnítìjú, mo kọ́ ọ. Mo ní kó má dárúkọ títa ilẹ̀ rárá. Kó kúnlẹ̀ bí àlejò, kó gbé obì kalẹ̀, kó tọrọ ibi tí yóò dáko sí. A kì í fi oko du àlejò níbí. Igi nìkan la kì í jẹ́ kó gbìn, torí ẹni tó gbin igi ló ni ilẹ̀.

Ó kúnlẹ̀ lóòótọ́, inú àwọn àgbà sì dùn. Bàlíkìsì, bàbá rẹ, Bàbá Sìdíkù, nìkan ló fà mí sẹ́yìn ilé. Ó ní, "Ọmọ Ràhámọ̀tù àbúrò mi, ṣé wọn ò ní í gbin igi? Ìwọ ni etí mi níbẹ̀ o." Mo fi ọmú tí mo mu búra pé àgbàdo ni. Ló bá jẹ obì wọn.

Kò pẹ́ tí katapílà wọn fi dé láti ro ilẹ̀, wọ́n sì gbin tẹ́ẹ̀kì sí i. Bàbá rẹ ń fọwọ́ ara rẹ̀ hú igi wọn, wọ́n sì pe àwọn ọlọ́pàá jàndáámù. Ó ní, "Ọmọ àbúrò mi, sọ fún wọn pé mo kàn yá wọn lóko ni, mi ò ta ilẹ̀ baba mi." Bí mo bá sọ ọ́ bẹ́ẹ̀, àṣírí mi tú, iṣẹ́ sì bọ́. Mo kọjú sí ọ̀gá jàndáámù, mo sọ ọ́ ní Faransé pé Bàbá ní òun máa dáná sun oko náà àti àwọn tó ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Bàbá ò gbọ́ Faransé. Ó ń mi orí sí gbogbo ohun tí mò ń sọ, ó rò pé mò ń gbèjà òun. Àtìmọ́lé ló kú sí.

Bí ikú ilé ò bá pani, tòde ò lè pani. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ gbọ́ èdè òyìnbó, ẹ má fi ta ẹni tó bí yín.

Bàlíkìsì, mo bẹ̀ ọ́. Ìwọ lò ń wẹ̀ mí láti ọjọ́ tí mo ti dùbúlẹ̀. Bí o ò bá wá lọ́la, mi ò ní í bi ẹnikẹ́ni pé kí ló dé.