Wáìnì Tí Ìyá Kò Gbọ́ Mọ́

Nínú trotro, bọ́ọ̀sì akérò ìlú Accra, tó gbé wa láti Circle lọ sí Dansoman, ìyá kan àti ọmọbìnrin rẹ̀ jókòó níwájú mi, ìgò wáìnì funfun kan wà lọ́wọ́ ìyá.

"Mi ò gbọ́ ọ mọ́," ni ìyá wí.

Ọmọ pariwo: "Màámi, mo ní ṣé wáìnì wa ti dáa!"

"Kí lò ń pariwo fún? Etí mi ò ṣe nǹkan kan. Òórùn rẹ̀ ni mi ò gbọ́. Bí omi ló rí."

"Ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ń ti etí òkun gbọ́ òórùn àgbá nínú ilé?" Ọmọ rẹ́rìn-ín, ó wá wojú ìyá rẹ̀. "Láti ìgbà wo?"

"Láti ìgbà àìsàn tó ṣe mí yẹn. Ọ̀pẹ̀ òyìnbó, atalẹ̀, ewé tíì, imú ni mo fi ń pò wọ́n pọ̀. Bàbá ẹ ò mọ̀ ju kó fọ àgbá lọ. Ẹ̀rù ń bà mí."

"Ẹ kọ́ mi nígbà náà."

"Báwo ni mo ṣe fẹ́ mọ̀ bóo bá ṣì í?"

Orúkọ gbogbo èèyàn ni mo máa ń rántí, mi ò mọ tiwọn, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ yẹn bá mi délé: mi ò gbọ́ ọ mọ́. Ìborùn Sàfúrátù, ìyàwó mi tó kú, ṣì wà nínú àpótí. Mo dì í mú títí, ẹ̀rù ò jẹ́ kí n gbé e símú.