Olùkọ́ Tó Gun Kẹ̀kẹ́ Lọ sí Kútọnu

Mò ń dúró de táyà mọ́tò mi lọ́dọ̀ fọganáísà kan ní Ṣàgámù nígbà tí ọkùnrin kan ti kẹ̀kẹ́ tí táyà rẹ̀ jò dé, tí ìyá olóbì tó jókòó tì mí sì bi í níbi tó ti ń bọ̀.

"Kútọnu ni mà. Mò ń padà s'Ílíṣàn, olùkọ́ ni mí."

"Ṣé fàyàwọ́ lo lọ ṣe?"

"Rárá mà, mo kàn lọ wo ibẹ̀ ni."

"Ṣé nǹkan wọ́n níbẹ̀ ju tibí lọ?"

"Oúnjẹ wọn ò wọ́n, àmọ́ owó mi tètè tán. Olùkọ́ ń gun kẹ̀kẹ́ níbẹ̀, nọ́ọ̀sì ń gùn ún, kò sẹ́ni tó wò mí lẹ́ẹ̀mejì. Gbogbo ohun tí mo jẹ ni mo sanwó ẹ̀. Àmọ́ láti ìgbà tí mo ti padà wọ Ìdí-Ìrókò, mi ò tíì ra oúnjẹ, àwọn èèyàn ló ń fún mi. Wọ́n á wo kẹ̀kẹ́, wọ́n á wò mí, wọ́n á ní, 'Ẹ pẹ̀lẹ́, ó máa dáa.'"

"Àwọn ará ibẹ̀ ò láàánú nìyẹn."

"Ìyá, mo ní mọ́tò nílé."

Ìyá náà ṣa obì díẹ̀ fún un. "Máa jẹ ẹ́ lọ. Ọlọ́run á bá ẹ tún mọ́tò náà ṣe."

Olùkọ́ náà gba obì, ó ní, "Àmín, mà."

Fọganáísà lẹ táyà kẹ̀kẹ́ náà, kò gbowó. Ó gba owó tèmi pé.