Oúnjẹ Bàbá Hyan

Má fọwọ́ kàn án! Mo ní má fọwọ́ kàn án, ọmọ yìí, gbé ọwọ́ rẹ kúrò lára oúnjẹ yẹn kí èmi náà tó gbé e kúrò fún ẹ! Kí ni mo ṣe? Pé oúnjẹ ò gbọdọ̀ wọ ilé ìkóhun-ìṣẹ̀ǹbáyé yín? Ta ló sọ bẹ́ẹ̀? Ìwé tí ẹ lẹ̀ mọ́ ara ògiri? Èmi ò mọ̀wé, àmọ́ mo mọ ilé òkú bí mo bá rí i, ilé òkú lẹ sì gbé kalẹ̀ síbí, òrùlé rẹ̀ ga fíofío, ère yí ọgbà rẹ̀ ká, ẹ wá ní kí oúnjẹ má débẹ̀. Háà! Ó dáa, ibo ni ká máa gbé oúnjẹ òkú lọ, ọjà?

Ẹ̀n-ẹ́n, mo ti gbọ́, kò sí òkú nínú rẹ̀. Ṣé o rò pé orí mi ti dàrú ni? Mo mọ̀ pé kò sí òkú níbẹ̀, ìdí tí mo fi wá gan-an nìyẹn! Ọkọ mi ló kọ́ ilé yìí. Òun àti ọkùnrin mẹ́rin láti abúlé wa ní Gia Lai, lọ́dún tí Hyan ọmọ mi àkọ́bí ṣẹ̀ṣẹ̀ ń tẹsẹ̀ rìn, àwọn ọ̀gá yín ló wá fi ọkọ̀ kó wọn tàáké-tàáké, tigi-tigi, oṣù mẹ́ta gbáko ni mo fi dá ọmọ gbé pọ̀n nílé. Bàbá Hyan ni wọ́n ń pè é, Ìyá Hyan lèmi. Wo etí àwọn ère yẹn. Wò ó dáadáa. O rí bó ṣe yọ síta? Ó yá, wo tèmi. Rín in, ṣebí gbogbo abúlé ti fi rín mi tẹ́lẹ̀! Ọkùnrin yẹn ò mọ etí mìíràn-án gbẹ́, ì báà gbẹ́ ọkùnrin, ì báà gbẹ́ obìnrin, kódà tó bá gbẹ́ ọ̀bọ, etí mi náà ni yóò fi sí i lórí. Mo bá a jà títí, kò gbọ́.

Ọdún mẹ́ta rèé tó ti kú. Ó ní àyà ń dun òun láàárọ̀, oòrùn ò tíì wọ̀ tó ti lọ. Ikú kọ́ ni mo ń bá jà o, gbogbo wa la máa kú. Ohun tí wọ́n fojú mi rí lẹ́yìn ikú ni mo ń sọ.

Lọ́dọ̀ tiwa, ẹni tó kú kì í lọ lọ́jọ́ náà. O máa gbé oúnjẹ lọ bá a níbojì láràárọ̀, ọdún mẹ́ta, ọdún márùn-ún, àwọn mìíràn ṣe méje, o máa jókòó tì í, o máa sunkún, bó o bá fẹ́ bá a jà o lè bá a jà. Èmi bá a jà! Ìgbà tó bá tó ni a óò ṣe àsè ìdágbére, a óò kọ́ irú ilé yìí sórí ibojì, a óò pa màlúù, a óò mu ọtí ìkòkò, a óò jó yí i ká, bílẹ̀ bá mọ́, ó tán. Ó tán pátápátá! Ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ padà síbẹ̀ mọ́. Ilé á jẹrà, ère á wó, igbó á gba ilẹ̀ rẹ̀ padà. Opó á wẹ̀, á wọ aṣọ tuntun, bó bá wù ú kó lọ́kọ lọ́jọ́ kejì. Àmọ́ bó bá tún gbé oúnjẹ lọ, tàbí tó tún ń sunkún rẹ̀, òkú ò ní lè lọ, á yíjú padà, á tẹ̀ lé e wálé, àìsàn á sì kárí ilé. Òfin tó dáa ni. Èmi ò bá òfin jà. Ìkánjú ni mo ń bá jà!

Oṣù mẹ́wàá! Oṣù mẹ́wàá péré! Hyan àti Mlan àbúrò rẹ̀, àwọn méjèèjì ń rán bàtà níléeṣẹ́ kan lọ́hùn-ún ní gúúsù, wọ́n fún wọn ní ọlidé ọjọ́ mẹ́fà, ni wọ́n bá pè mí lórí fóònù, "Ìyá, ọlidé tá a rí gbà nìyí, ẹ jẹ́ ká ṣe àsè ìdágbére bàbá kẹ́ ẹ lè sinmi." Kí n lè sinmi! Ta ló sọ fún wọn pé ó rẹ̀ mí? Mo ní ẹ̀yin ọmọ yìí, bàbá yín ò tíì jẹun yó, ẹ jẹ́ kó pé ọdún mẹ́ta, ó kéré tán. Hyan ní, "Ìyá, ayé ti yí padà." Ayé yí padà, òkú náà yí padà? Wọ́n pa màlúù, abúlé jẹ, abúlé mu, wọ́n wẹ̀ mí, wọ́n wọ aṣọ tuntun fún mi bí ìyàwó àṣẹ̀ṣẹ̀gbé, àwọn ẹgbẹ́ mi ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ pé bí mo bá fẹ́ mú ọkọ kí n mú èyí tó ṣì léyín lẹ́nu. Èmi náà bá wọn rẹ́rìn-ín. Ọlidé tán, àwọn ọmọ wọ bọ́ọ̀sì, wọ́n lọ.

Ṣó o mọ ohun tí mo ṣe lọ́jọ́ kejì? Mo jí, mo dáná, mo se ìrẹsì èèyàn méjì, mo fewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ dì í, mo ti dé ẹnu igbó tí ibojì wà kí n tó rántí pé ó ti tán. Ọmọ mi, mo dúró. Oúnjẹ gbóná lọ́wọ́ mi, mi ò gbọdọ̀ lọ síwájú, mi ò sì fẹ́ padà sílé, nítorí ta ló wà nílé? Ta ló wà níbẹ̀? Ọdún méjì ó lé rèé, mo ṣì ń se ìrẹsì èèyàn méjì, adìyẹ ló ń jẹ ìkejì. Bí mo bá sì fi omi sójú, àwọn aládùúgbò á ti yọjú, "Ìyá Hyan, ó tó o, àbí ẹ fẹ́ pè é padà ni?" Ẹkún pàápàá, wọ́n gbà á lọ́wọ́ mi! Mo fi àwọn òrìṣà wa, Yang òkè àti Yang omi, búra, kò sóhun tó ń ṣe mí, mi ò ṣàárẹ̀, mo kàn dá wà ni. Mo dá wà, ó sú mi.

Ni mo bá rò ó, mo rò ó, mo ní ilé kan wà tí ọwọ́ rẹ̀ kọ́, tí ẹnikẹ́ni ò ṣe ìdágbére níbẹ̀, tí wọn ò sin ẹnikẹ́ni síbẹ̀, bí mo bá gbé oúnjẹ débẹ̀ òfin ò lè mú mi. Ọjọ́ kan àtààbọ̀ nínú bọ́ọ̀sì! Wo ẹsẹ̀ mi bó ṣe wú! Láàárọ̀ yìí ni mo yá ìkòkò lọ́wọ́ obìnrin tí mo wọ̀ sílé rẹ̀, mo se ìrẹsì, mo se ìkàn kíkorò mọ́ ẹja gbígbẹ, iyọ̀ tá a gún mọ́ èèrà, àtilé ni mo ti gbé ìyẹn wá. Mo débí, kí ni mo bá? Okùn lẹ fi yí i ká! Àwọn ọmọ iléèwé ń nàka sí ère tọkọtaya yẹn, wọ́n ń rín kíkíkí nítorí pé ohun ọkùnrin wà lára rẹ̀. Ṣé ọjà ni ìyá wọn ti rà wọ́n ni? Ìwọ náà wá gbé káàdì kọ́rùn, o ní kí n gbé oúnjẹ mi kúrò.

Kí lo wí? Tún un sọ. Pé ẹ̀ ń tọ́jú rẹ̀ dáadáa? Pé ẹ̀ ń pààrọ̀ koríko òrùlé, ẹ̀ ń fi oògùn kun ère kí kòkòrò má jẹ ẹ́? Láti ọjọ́ tí wọ́n ti kọ́ ọ? Dúró ná. Dúró! Yéè, mo gbé! Ṣó o mọ ohun tẹ́ ẹ̀ ń ṣe ṣá? Ẹni tó bá ń tún ilé òkú ṣe, tó ń gbálẹ̀ rẹ̀, tí kò jẹ́ kó jẹrà, òun ni kò tíì dágbére! Ogún ọdún ó lé lẹ ti di iṣẹ́ ọwọ́ ọkùnrin yìí mú, ẹ ò jẹ́ kó lọ, ẹ ò sì fún un ní òkèlè kan! Èmi tí mo fẹ́ bọ́ ọ, wọ́n ní kí n fi í sílẹ̀, ẹ̀yin tẹ́ ẹ kọ̀ tẹ́ ẹ ò fi í sílẹ̀, ẹ ò bọ́ ọ! Ìwà wo nìyẹn? A kì í fini joyè àwòdì ká má lè gbádìẹ!

Ó dáa. Ọ̀sán ọ̀la ni bọ́ọ̀sì mi, orúnkún mi ò sì lè gbé mi padà wá mọ́, nítorí náà, ìwọ ni mo fà á lé lọ́wọ́. Láàárọ̀, kẹ́ ẹ tó ṣílẹ̀kùn fáwọn tó ń ya fọ́tò, ìrẹsì díẹ̀, ẹ̀kúnwọ́ kan ti tó. Fi ata sí i dáadáa. Má fún un ní ẹran ọlọ́ràá, àyà rẹ̀ ò gbà á. Kó o sì jókòó tì í díẹ̀, kò fẹ́ràn kó máa dá jẹun. Oṣù mẹ́wàá péré ni mo fi bọ́ ọ, ọdún méjì àtoṣù méjì ló kù kí oúnjẹ rẹ̀ tó pé ọdún mẹ́ta tí mo bẹ̀ fún. Bó bá pé, ẹ pa adìyẹ kan, ẹ mu ọtí díẹ̀, kẹ́ ẹ jẹ́ kí òjò wó ilé yìí.

Kò sí lára iṣẹ́ tí wọ́n gbà ẹ́ fún? Mo mọ̀. Ṣó o máa ṣe é? Má kàn mi orí fún mi, ọmọ mi, wọ́n ti mi orí fún mi tó nílé. Fẹnu sọ ọ́. Kọjú sí ibẹ̀ yẹn, kó o sọ ọ́ sókè kó gbọ́.