Àwẹ̀ró, Abiyamọ Tó Ṣọ́ Odò

Ní ayé àtijọ́, kí baba tó bí baba mi tó dáyé, ogun dó ti ìlú wa. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ fi Fádérera ṣe yẹ̀yẹ́ láàárọ̀ pé ó fẹ́ lọ ṣe ṣọ́jà, ẹ súnmọ́ ibí. Ẹ̀yin gan-an ni mò ń bá wí.

Àwẹ̀ró ni ìyá ńlá tí gbogbo wa ti ṣẹ̀. Ọdẹ ni baba rẹ̀, kò bí ọkùnrin, Àwẹ̀ró ló kọ́ lọ́fà títa títí ọmọ náà fi ń ta ẹyẹ tó ń fò. Nígbà tí ogun dé, ọmọ oṣù mẹ́rin wà lọ́wọ́ rẹ̀, síbẹ̀ ó lọ bá Balógun pé òun fẹ́ jagun. Àwọn ọmọ ogun rẹ́rìn-ín, wọ́n rẹ́rìn-ín títí omi bọ́ lójú wọn. Wọ́n ní kó lọ máa se ọbẹ̀. Ó ní òun ti sè é, ó ti jinná, ọfà ló kù.

Kí Balógun lè rí i lé lọ, ó ní kó lọ máa ṣọ́ odò tí àwọn obìnrin ti ń pọnmi. Àṣìṣe àwọn baba wa nìyẹn o. Wọ́n gbà pé ìtìjú ni kí jagunjagun gba odò obìnrin wọ̀lú. Ta ló sọ fún wọn pé ọ̀tá ń tijú?

Àwẹ̀ró dúró láti ìdájí. Oòrùn yọ, ó dúró. Oòrùn mú, ó dúró. Àwọn olùṣọ́ yòókù ń gba ipò lọ́wọ́ ara wọn, ṣùgbọ́n ẹnikẹ́ni ò wá gba tirẹ̀. Wọn ò lè gba ipò lọ́wọ́ obìnrin! Ọyàn rẹ̀ kún, ó ń ro ó. Bó bá lọ sílé, wọn á ní àwọn ti wí bẹ́ẹ̀. Bí kò bá lọ, ebi á pa ọmọ.

Ìyá ọkọ rẹ̀ ló gbé ọmọ wá, ó ní kó jókòó fún un lọ́yàn.

“Ìyá, bí mo bá jókòó, ta ni yóò dúró?”

Ìdúró ló wà tó fi ń fọ́mọ lọ́yàn, ojú rẹ̀ ò kúrò lódò. Ibẹ̀ ló ti rí ọ̀tá nínú omi. Ó já ọyàn lẹ́nu ọmọ, ó gbé e fún ìyá ọkọ rẹ̀, ó sì fa ọfà. Ó ta aṣíwájú wọn, ó ta ẹni tó tẹ̀ lé e, ó ń ta á lọ títí apó fi ṣófo. Igbe ìyá ọkọ rẹ̀ ló kó àwọn ọmọ ogun dé, ni wọ́n bá lé ìyókù padà.

Ẹnì kan ní oríire lásán ni. Balógun ní kó panu mọ́: bí ọkùnrin réjò tí obìnrin pa á, kéjò ṣáà má ti lọ. Ó wo omi ọyàn tó ti rin aṣọ Àwẹ̀ró, kò lè gbójú sókè.

“Àwẹ̀ró, jókòó. Fún ọmọ lọ́yàn. Èmi ni n ó dúró.”

Ó sì dúró létí omi títí ọmọ fi yó, tó sùn.

Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé nílé yìí, bí abiyamọ bá gbé ọmọ sọ́yàn, ọkùnrin kan gbọ́dọ̀ dìde lọ dúró lẹ́nu ọ̀nà títí ọmọ yóò fi yó, bó ti wù kó lóyè tó. Fádérera, bí wọ́n bá lé ọ sídìí ọbẹ̀ lọ́hùn-ún, o ti mọ èsì tí o ó fún wọn.

Ẹ wò ó, ìyàwó Adéòṣun ti ń fọ́mọ lọ́yàn láti ìgbà tí mo ti ń sọ̀rọ̀, gbogbo ẹ̀yin ọkùnrin sì jókòó pẹ̀sẹ̀. Ó dáa. Ẹ bá mi mú ọ̀pá mi. Èmi ni n ó dúró.