Ohùn Tí Apẹja Tẹ̀ Lé Wálé
Ní ṣọ́ọ̀bù àwọn tó ń tún rédíò ṣe ní Olodi-Apapa, ní kété tí iléeṣẹ́ rédíò AM kan kógbá wọlé, apẹja kan gbọ́ ohùn màmá kan, ó sì yíjú sí i.

“Ẹ jọ̀ọ́ mà, ṣé ẹ̀yin kọ́ lẹ máa ń sọ̀rọ̀ lórí AM láàárọ̀?”

“Èmi ni. Mi ò tiẹ̀ mọ̀ bóyá ẹnikẹ́ni ń gbọ́ wa.”

“Háà! Kùrukùru ọyẹ́ bo òkun lọ́jọ́ kan, a ò rí ilẹ̀ mọ́. Mo ń kọjú rédíò mi síhìn-ín sọ́hùn-ún. Ibi tó kọjú sí tó fi dún jù ni mo dorí ọkọ̀ kọ. Ohùn yín la tẹ̀ lé wálé.”

“Ohùn mi lẹ tẹ̀ lé wálé,” ni màmá náà wí, bí ẹni ń lálàá. “Kí ni mò ń kà lọ́jọ́ náà?”

“Ìkéde òkú ni, mà.”